Ọmọ mi ní ibà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀: ṣé kí n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ báyìí àbí kí n dúró?

ÌBÉÈRÈ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọmọ mi ọkùnrin pé oṣù 16. Ara rẹ̀ ti ń gbóná láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ibà ẹ̀fọn ni wọ́n rí, PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, sì jẹ́ 26. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ó ní kí n má tíì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ kankan, kí n padà wá. Kí n tó délé, ìyá ọkọ mi ti ra oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi ìgò ńlá kan lọ́jà, wọ́n tún ti fún ewé ugu sí ife. Wọ́n ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kí ni a ń dúró dè? Èmi náà rò ó, mo rí i pé ọ̀rọ̀ màámi fẹ́ jọ òótọ́. Ṣebí irin inú oògùn ẹ̀jẹ̀ ló ń fún àwọn ọmọ ogun ara lágbára? Ṣé ìgbà tí ogun bá dé ni a ń gba idà lọ́wọ́ ọmọ ogun? Àbí nọ́ọ̀sì yìí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni? Ẹni tó bá mọ̀ kó dá mi lóhùn lónìí, torí ìgò yẹn wà lórí tábìlì, màámi sì ń wò mí.

———

Nọ́ọ̀sì yín mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé ìgò yẹn sókè sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó, kí ẹ sì lo oògùn ibà náà parí, bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ ti fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ bá mi kí màámi. Ẹ sọ fún wọn pé a kò ju oògùn wọn nù, ọjọ́ rẹ̀ ni kò tíì pé.

Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ yìí, ọdún 19 rèé. Èmi ni mo ń gún ọmọ níka, èmi ni mo ń ka PCV. Èsì 26 fún ọmọ oṣù 16 kò dára, torí ó yẹ kó tó 33 ó kéré tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ń béèrè pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lóru òní. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ilẹ̀ mọ́ nìwọ̀nyí: kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bálá, kó máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí gìrì gbé e, kó má lè mu ọmú, kó máa bì gbogbo ohun tó bá jẹ, kí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú. Bí ẹ bá rí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, ẹ má dúró ka ohun tí mo kọ síbí.

Ìbéèrè yín nípa idà wọ̀ mí lára. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀tá náà ń wá irin. Kòkòrò ibà ń wá a, kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ń wá a, èyí tó ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń wá a. Kò sí èyí nínú wọn tó lè bí sí i bí kò bá rí irin lò. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ara bá ti gbúròó ogun, ó ń kó irin ilé pamọ́. Ìlú tó gbọ́n kì í fi irin sílẹ̀ ní ilé àgbẹ̀dẹ ẹ̀yìn odi nígbà tí ọ̀tá bá ń bọ̀. Bí ẹ bá wá da oògùn ẹ̀jẹ̀ lé e lórí lọ́jọ́ náà gan-an, ìfun kò ní í gbà púpọ̀ nínú rẹ̀ torí ó ti ti ilẹ̀kùn. Èyí tí kò gbà yóò wà níbẹ̀, àwọn kòkòrò inú ìfun ni yóò sì máa jẹ ẹ́.

Ohun kan sí i, nítorí ibi tí à ń gbé. Bí ẹ bá lo oògùn ibà parí tí ara ọmọ ṣì ń gbóná, ẹ má ra òmíràn lọ́wọ́ kẹ́mísì. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ibi tí ibà Lassa ti ń yọjú jù ní Nàìjíríà. Ẹ padà sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wò ó dáadáa.

———

Ìdáhùn ti pọ̀ láti àná. Ohun tí mo rí kà nínú wọn ni pé ọ̀pọ̀ wà lẹ́yìn màámi. Wọ́n ní àwọn ìyá wa kò mọ gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n sì tọ́ ọmọ mẹ́jọ, mẹ́wàá.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá wa, ọ̀kan lára wọn ló bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá wọn jókòó nírọ̀lẹ́, ẹ bi wọ́n bí ọmọ mélòó ni wọ́n bí, kí ẹ sì rọra bi wọ́n bí mélòó ló kù. Ìyá bàbá mi bí mẹ́sàn-án, mẹ́rin ló dàgbà. Wọ́n pe àwọn tó lọ ní àbíkú. Èmi tí mo ń ka ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ mọ ohun tí ibà ń ṣe sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, mi ò lè gbọ́ kí wọ́n fi iye ọmọ tó kù ṣe ẹ̀rí.

———

Bàbá kan láti Ìdànrè béèrè pé ta ló ń ti ilẹ̀kùn tí mo sọ. Wọ́n ní àwọn kò lè gba ọ̀rọ̀ gbọ́ bí àwọn kò bá mọ ẹni tó ń ṣe é. Ìbéèrè àgbà ni, màá sì dáhùn ún délẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ ni. Ẹ̀dọ̀ ń ṣe ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní hepcidin. Nǹkan bí ọdún 2000 sí 2001 ni àwọn onímọ̀ tó rí i, kò sí nínú ìwé tí èmi kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni irin ń gbà jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ferroportin ni orúkọ ilẹ̀kùn náà. Bí hepcidin bá ti dì mọ́ ilẹ̀kùn yìí, sẹ́ẹ̀lì a fà á wọlé, a sì run ún. Irin tó wà nínú ilé kò ní í lè jáde mọ́. Láàárín wákàtí mélòó kan tí àrùn bá wọlé, ẹ̀dọ̀ a ti tú hepcidin jáde, irin inú omi ẹ̀jẹ̀ a sì já wálẹ̀.

Bàbá, ẹ wo bí irin náà ti kéré tó. Gíráàmù 3 sí 4 ló wà nínú gbogbo ara àgbàlagbà, ìwọ̀n ìṣó kan. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa. Lójúmọ́, mílígíráàmù 1 sí 2 péré ni ìfun ń gbà láti inú oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ mílígíráàmù 20 sí 25 ni ara nílò láti fi ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Níbo ló ti ń rí ìyókù? Inú ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ ni. Sẹ́ẹ̀lì pupa kan ń gbé nǹkan bí ọjọ́ 120. Bó bá gbó, àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá kan tó jẹ́ agbálẹ̀ ara a gbé e mì, wọ́n a yọ irin inú rẹ̀, wọ́n a dá a padà. Àwọn agbálẹ̀ yìí kan náà ni ọmọ ogun tó ń gbé kòkòrò àrùn mì. Nígbà àlàáfíà wọ́n ń pín irin. Nígbà ogun wọ́n a jókòó lé e. Ìdí nìyí tí ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí egbò tí kò jinná fún oṣù mẹ́fà fi ń funfun, bó tilẹ̀ ń jẹ iyán àti ẹran lójoojúmọ́. Irin wà nílé rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ kí wọ́n tó rí hepcidin. Ní 1944, Schade àti Caroline fi funfun ẹyin tútù sínú ohun tí kòkòrò ìgbẹ́ ọ̀rìn ń hù nínú rẹ̀, kòkòrò náà kò hù. Wọ́n fi irin kún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà. Ohun tó wà nínú funfun ẹyin ló di irin mú tí kòkòrò kò fi rí i jẹ. Ọmú ìyá ní irú rẹ̀, lactoferrin. Omi ẹ̀jẹ̀ wa náà ní tirẹ̀. Ebi ni ara fi ń pa ọ̀tá.

Kòkòrò náà kò sì jókòó. Òmíràn nínú wọn ń tu ohun kan jáde tó ń lọ já irin gbà lọ́wọ́ ara, tó sì ń gbé e bọ̀ wá fún un. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun wa tún ní ohun tí wọ́n fi ń mú jàgùdà yìí lójú ọ̀nà. Nǹkan tí ìyá rí bí ooru ara ọmọ, ìjà lórí irin wà nínú rẹ̀.

———

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA kan kọ ọ́ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí àìtó irin máa jẹ́ ààbò nígbà náà, kí a fi àwọn ọmọ wa sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Rárá o, ọmọ mi. Ibẹ̀ ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ.

Ọmọ ogun ara kì í jà lọ́wọ́ òfo. Bí àrùn bá wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó mọ ojú àrùn náà gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ọjọ́ díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kò lè pín sí méjì láìlo irin. Láti gbà á, wọ́n ń na ọwọ́ kan jáde tó ń mú irin wọlé. Ní 2016, àwọn oníṣègùn kọ nípa àwọn ọmọ kan tí wọ́n bí tòun ti àbùkù lára ọwọ́ yìí: ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, ààbò ara wọn sì fọ́ débi pé àrùn kì í fi wọ́n sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fi oró jó kòkòrò, irin wà nínú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń po oró náà.

Èyí tó kan àwọn ìyá jù ni ti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní Kenya, wọ́n tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ ọwọ́, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 2020: àwọn tí irin wọn kò tó nígbà tí wọ́n gba abẹ́rẹ́, ara wọn kò dáhùn sí òmíràn nínú àwọn abẹ́rẹ́ náà bó ti yẹ. Àwọn tó ń gba irin ní àsìkò abẹ́rẹ́ ìta, ara wọn dáhùn dáadáa sí i. Nítorí náà kí a má fi ọmọ sílẹ̀ láìní irin. À ń sọ̀rọ̀ àsìkò ni. Ibà lónìí, irin lẹ́yìn rẹ̀.

———

Ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ ohùn WhatsApp ránṣẹ́ sí mi ní ìdákọ́ńkọ́, wọ́n ní dókítà kan sọ níbẹ̀ pé "oògùn ẹ̀jẹ̀ ń pa ọmọ, wọ́n ti rí i ní Tanzania." Ìdajì òótọ́ ni, ìdajì òótọ́ sì ń ṣe jàǹbá.

Erékùṣù Pemba ni, ibi tí ibà ẹ̀fọn pọ̀ gan-an nígbà náà. Wọ́n ń fún àwọn ọmọ oṣù 1 sí 35 ní irin mílígíráàmù 12.5 pẹ̀lú folic acid lójoojúmọ́, àwọn tí kò tíì pé ọdún kan gba ìdajì. Àwọn ọmọ tó wọ inú ìwádìí náà lé ní 24,000. Ní 2003 wọ́n dá apá tó ní irin dúró, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2006: ewu kí ọmọ kú tàbí kí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ga láàárín àwọn tó gba irin ju àwọn tí kò gbà á lọ.

Ibi tí ohùn yẹn dákẹ́ sí nìyẹn. Ohun tí kò sọ ni pé gbogbo ọmọ ni wọ́n fún, ẹni tí irin rẹ̀ tó àti ẹni tí kò tó. Nínú ẹgbẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tí wọ́n sì ń tètè tọ́jú ibà, àwọn ọmọ tí irin wọn kò tó jàǹfààní irin náà. Ní Nepal, níbi tí ibà ẹ̀fọn kò ti pọ̀ bẹ́ẹ̀, irú ìwádìí kan náà kò mú ewu wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé wá kọ ìlànà ní 2016: níbi tí àìtó ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ̀, kí àwọn ọmọ oṣù 6 sí 23 gba irin mílígíráàmù 10 sí 12.5 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta lọ́dún, ṣùgbọ́n níbi tí ibà ẹ̀fọn bá wà, kó má dá wà: kí ìdènà, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ibà bá a rìn. Àkúrẹ́ wà níbi tí ibà ẹ̀fọn wà. Ẹni tó bá ta oògùn ẹ̀jẹ̀ fún yín láìbéèrè bóyá ara ọmọ ń gbóná, kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

———

Mo fẹ́ sọ tèmi, bó tilẹ̀ ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní ìlú Oǹdó. Ọmọ wọn kejì kì í dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, PCV rẹ̀ kì í kọjá 22. Fún bí ọdún méjì, ilé oògùn kan ní àdúgbò wọn ń ta oògùn ẹ̀jẹ̀ fún wọn, ìgò dé lórí ìgò. Ẹnikẹ́ni kò béèrè jínótáìpù ọmọ náà. Èmi náà kò béèrè. Mo ń yẹ ti ọmọ ẹlòmíràn wò lójoojúmọ́, mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe é. Ọdún Kérésì kan ni wọ́n wá sí Àkúrẹ́, mo gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, mo rí ojú rẹ̀, ọkàn mi já. SS ni.

Àwọn tó jẹ́ SS, ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tó torí pé sẹ́ẹ̀lì pupa wọn ń fọ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, kì í ṣe torí àìsí irin. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fọ́, irin inú rẹ̀ kò jáde lára. Bí wọ́n bá tún ti fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, irin a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ jù. Folic acid ni wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ wọn. Irin kò yẹ kó wọlé àfi bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kò tó. Ọmọ náà ti ń lọ sí kílíníìkì àwọn SS báyìí, ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama.

Irin àpọ̀jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Malcolm Casadaban, ẹni ọdún 60 ní Yunifásítì Chicago, kú. Kòkòrò àjàkálẹ̀ àrùn tó ń pa eku àti ènìyàn ló ń ṣèwádìí lé lórí, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ni: wọ́n ti gba agbára tó fi ń wá irin kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò yẹ kó pa ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n rí i pé ó ní àrùn àjogúnbá tó ń jẹ́ kí irin ṣẹ́jọ púpọ̀ jù nínú ara. Ohun tí àlàyé náà tọ́ka sí ni pé kòkòrò tí kò lè wá irin fúnra rẹ̀ bá a lọ́pọ̀ yanturu nínú ara tirẹ̀. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹnìkan bá ní "irin kì í pọ̀ jù, ara á tọ èyí tó kù dànù." Ara kò ní ọ̀nà tó ń gbà tọ irin dànù. Ẹnu ìbodè ìfun ló ti ń ṣọ́ ọ.

———

Ìjà ugu dé. Mo ti ń retí rẹ̀.

Ugu dára. Tẹ̀tẹ̀ dára, ṣọkọ dára, ebòlò tí ará Oǹdó kì í fi ṣeré dára. Ṣùgbọ́n irin inú ewé kì í tètè wọ ara bí irin inú ẹran, ẹja àti ẹ̀dọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń da mílíìkì àti malt pọ̀ mọ́ ugu, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: mílíìkì kò ní irin tó ṣe é kà, kálíṣíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ sì ń dínà mọ́ irin inú ewé. Ọwọ́ ọ̀tún gbé e wọlé, ọwọ́ òsì gbé e jáde. Ẹ fún ọsàn sí i dípò mílíìkì, fítámínì C á ran irin lọ́wọ́ láti wọlé. Èyí tó tún sàn ju ìyẹn lọ, ẹ se ẹ̀fọ́ náà tòun ti ẹja, kí ọmọ jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mu ewé tútù kó fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, torí ẹyin aràn.

Pupa zobo kì í ṣe pupa ẹ̀jẹ̀. Pupa bíítrúùtù náà kì í ṣe é. Kì í ṣe irin ló ń pa wọ́n láró.

Àgbẹ̀ kan ní kòkó tiwa ní irin púpọ̀, kí a máa fún ọmọ ní tíì kòkó láàárọ̀. Lóòótọ́ irin wà nínú kòkó, mo sì ń fi kòkó yangàn bíi gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ohun tó ń mú un korò ni èyí tó ń di irin mú wà, ti inú rẹ̀ àti ti oúnjẹ tí ẹ bá fi sìn ín. Tíì lásán náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi bíi wákàtí kan sí méjì sáàárín òun àti oúnjẹ tàbí oògùn irin.

Ògì lásán láàárọ̀, ògì lásán lálẹ́: ibí ni èmi ti rí orísun ọ̀pọ̀ nínú PCV 26, 27 tí ń wọlé sí wa. Rírẹ tí a ń rẹ ọkà kó tó kan dára, ó ń dín ohun tó ń di irin mú nínú rẹ̀ kù. Òfìfo ni ògì ṣá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmú nìkan kò lè gbé irin ọmọ mọ́. Ẹ lọ edé tàbí ẹja gbígbẹ kúnná sínú ògì, ẹ fún un ní mọ́ínmọ́ín, ẹ fi ẹ̀dọ̀ màlúù díẹ̀ sínú ọbẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé owó wà níbẹ̀. Edé ẹ̀kún ọwọ́ kan lọ́sẹ̀ kò wọ́n tó ìgò tí màámi rà.

Bàbá Ìdànrè béèrè nípa omi tí alágbẹ̀dẹ fi ń paná irin. Bàbá, ẹ má fún ọmọ mu. A kò mọ irú irin tí wọ́n rì bọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbada irin àtijọ́ wúlò ju bí a ti rò lọ. Ní Ethiopia, wọ́n fi àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ìkòkò irin se oúnjẹ wọn wé àwọn tí wọ́n ń lo ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù. Èsì rẹ̀ jáde ní 1999: ẹ̀jẹ̀ àwọn ti ìkòkò irin dára jù.

Lórí poroporo ọkà bàbà tí wọ́n fi ń ṣe àgbo ẹ̀jẹ̀, èmi kì í bá àgbàlagbà jà. Ohun tí mò ń kọ̀ ni kí wọ́n fi àgbo rọ́pò àyẹ̀wò, tàbí kí wọ́n rọ ọ́ sí ọmọ tí ibà ń ṣe lẹ́nu.

———

Aboyún mẹ́ta béèrè bóyá kí àwọn náà dá oògùn irin dúró. Ẹ má dá a dúró! Ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀. Mílígíráàmù 30 sí 60 irin lójúmọ́ àti folic acid mílígíráàmù 0.4 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún máa lò. Ìgbẹ́ dúdú tó ń bà yín lẹ́rù kì í ṣe àrùn, irin tí ìfun kò gbà ni.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni ti folic acid. Oníwọ̀n mílígíráàmù 5 ló kún inú kẹ́mísì wa. Ó pọ̀ ju 0.4 lọ fíìfíì, ó sì lè sọ oògùn tí wọ́n fi ń dènà ibà fún aboyún, sulfadoxine-pyrimethamine tí ẹ mọ̀ sí Fansidar, di aláìlágbára. Láti ọdún 2009 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Abíyè, ètò ìtọ́jú aboyún, ní Ìfẹ́dọrẹ̀, obìnrin ìpínlẹ̀ wa ti mọ̀ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìbéèrè ní kílíníìkì. Ẹ béèrè.

Fún obìnrin tí kò lóyún tí irin rẹ̀ lọ sílẹ̀: ìwádìí kan ní 2017 fi hàn pé bí ẹ bá lo oògùn irin lónìí, hepcidin á ga, ti ọ̀la kò sì ní í wọlé dáadáa. Àwọn tó ń lò ó ní ọjọ́ kan fo ọjọ́ kan gba irin sára ju àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́ lọ. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín bó bá ń dà yín nínú rú.

———

Ní kúkúrú fún ẹni tó ní ferritin òun, àyẹ̀wò tó ń fi irin tí ara kó pamọ́ hàn, jẹ́ 45, pé irin òun kún: ṣé ara yín le nígbà tí wọ́n gbà á? Ferritin ń ga bí àrùn bá wà lára. Bí ara àgbàlagbà bá le, èyí tó bá wálẹ̀ ju 15 lọ ni àìtó. Bí àrùn bá wà, 70 ni wọ́n ń wò, gẹ́gẹ́ bí ìlànà 2020. Nítorí náà 45 yín lè jẹ́ àìtó bí ẹ bá ń wúkọ́ lọ́jọ́ náà.

———

LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÌYÁ ÒKÈ-ÀRÓ

Ẹ ṣé o. Ó ti pé ọjọ́ 21. Ara ọmọ ti le, ó ti ń sáré kiri. Mo gbé e padà lọ, PCV rẹ̀ ti di 30, mi ò fún un ní nǹkankan láti inú ìgò. Màámi ní ṣé ẹ wá rí i, ó gòkè fúnra rẹ̀, kí n kúkú gbé ìgò fún ẹlòmíràn.

———

Ọlọ́run ṣeun. Inú mi dùn púpọ̀.

Ó gòkè torí pé ibà lọ, ẹ̀dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn, irin tí wọ́n tì mọ́lé sì jáde. Ṣùgbọ́n 30 kò tíì jẹ́ 33, ọmọ tó ń jẹ ògì lásán kò sì ní ìpamọ́ púpọ̀. Ìgbà irin rẹ̀ ló kù sí dẹ̀dẹ̀ yìí. Ní Uganda, wọ́n fi àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ irin lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú oògùn ibà wé àwọn tó dúró di ọjọ́ 28. Nígbà tó pé ọjọ́ 56, ẹ̀jẹ̀ wọn gòkè dọ́gba, irin sì wọ ara àwọn tó dúró ju àwọn yòókù lọ. Èsì 2016 ni. Ẹ̀yin ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló pé mẹ́rin.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè oògùn aràn fún un, torí aràn kan wà tó ń fi ẹnu há ara ìfun tó ń mu ẹ̀jẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló ń gbà wọlé. Bí ẹ kò bá tíì mọ jínótáìpù rẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ́ wò lọ́jọ́ kan náà. Kó máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì lóròòru, pàápàá ní oṣù tó bá ń gba irin.

Ẹ gbé ìgò màámi lọ́wọ́ lọ, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ìwọ̀n irin: ferrous sulphate mílígíráàmù 200 tí àwa àgbàlagbà ń gbé mì, nǹkan bí mílígíráàmù 65 péré ni irin inú rẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n, kó ka ẹ̀yìn ìgò, kó sọ iye tó yẹ kí ẹ fún un. Bó bá ní ìgò náà dára, màámi ni kó máa fún un lọ́wọ́ ara wọn láràárọ̀, kí wọ́n sì dá a padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù gíga. Ọmọ tó bá mu ìgò irin tán lẹ́ẹ̀kan lè kú.